Bàbá Tàìmtébù

Oṣù Kẹjọ kì í tíì dé ìdajì tí Bàbá Tàìmtébù yóò ti pe ìpàdé ẹbí. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá gbé ní Lawanson, á jẹ́ Àgùdà tàbí Ìjẹ̀ṣà. Sùúrùlérè náà ni gbogbo rẹ̀. Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Áílàǹdì, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti rán an lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣètò àkókò, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì àti ìwé-ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé rẹ̀ ò ti gbádùn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á ní kí wọ́n pa tẹlifíṣàn. Ọmọ mẹ́ta á jókòó, ìyàwó á jókòó, àbúrò ìyàwó tó wá lo họ́lídè pàápàá ò ní ríbi sá sí. Wọ́n á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Kókó mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni "àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn", bí ẹni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n jókòó sí. "Lọ́dún tó kọjá," á ní, "ìgbà mélòó la pẹ́ dé ilé-ìwé?" Kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn, torí òun gan-an ló ń wakọ̀.

Tàìmtébù náà dùn ún wò, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló fi ṣe é, ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yábàá, ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà bà á jẹ́, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Búlúù ni ti ìwẹ̀: àkọ́bí, aago 4:45 sí 4:52, èkejì, 4:52 sí 4:59, àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún tó máa ń sunkún kí omi tó kàn án lára rárá, ìṣẹ́jú 7 náà ni wọ́n bù fún un. Pupa ni ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọ̀ ewé ni ti oúnjẹ, ìrẹsì lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó máa sè é ni ìwé náà ò dárúkọ. Yẹ́lò ni ti Dádì. Ẹ máa wá a díẹ̀ kí ẹ tó rí i: aago 8:00 alẹ́, igun kékeré kan nísàlẹ̀, "Àbójútó".

Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé o. Dádì fúnra rẹ̀ sì máa ń pẹ́ níbẹ̀, tòun ti fóònù lọ́wọ́. Àwọ̀ kankan ò mẹ́nu ba ìyẹn.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni ti ọjà wà. Tejúoṣó ni kí wọ́n ti ra gbogbo nǹkan, nínú ilé ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014 lẹ́yìn tí iná ti jó ọjà àtijọ́ ní 2007, kí wọ́n lè gba rìsíìtì. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ó dáa, Dádì." Ìta ló ń lọ ní tiẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kígbe owó ìbọ̀sẹ̀ lójú títì, tí òun àti obìnrin yàrá kejì á ra odidi dọ́sìnnì, tí wọ́n á pín in sí méjì. Bàtà ni kẹ́ ẹ wá wò. Kò mú ọmọ kankan dání. Igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀: ó ti fi wọn ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ìbú ìka kan lé e nítorí pé ọmọ ń dàgbà, ó ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ti àkọ́bí ló so òwú pupa mọ́. Ó ń ki igi bọ inú bàtà, ó ń fà á yọ, ó ń sọ̀rọ̀ owó, kò sì wo ojú oníbàtà lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ìwé kíkà, Bàbá Tàìmtébù ti ṣírò rẹ̀: ti ẹ̀gbọ́n á di ti àbúrò. Nígbà tiwọn, Aláwìíyé kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n á kà, àbúrò á kà, ọmọ ẹbí ní abúlé á tún kà á. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ inú ìwé ìsinsìnyí ni ọmọ ń kọ ìdáhùn sí, bí kò bá sì kọ ọ́ síbẹ̀, ilé-ìwé á ní ẹ̀dà tuntun làwọn ń lò. (Kí ni wọ́n yí padà nínú rẹ̀? Àwòrán ẹ̀yìn ìwé.) Ìyàwó ló mọ èyí tó máa wá ọgbọ́n rẹ̀ láàárín àwọn tó ń to àlòkù ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Yábàá.

Ọfà pupa kan tún wà níbẹ̀ tó ní kí àkọ́bí gba ọ̀kadà láti ilé-ìwé lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Múṣín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Sùúrùlérè. Ẹni tó ń wakọ̀ gba àárín Sùúrùlérè kọjá lójoojúmọ́ ni ò tíì ṣàkíyèsí. Kórópé ni ọmọ ń wọ̀.

Ìyá àgbà yẹn, ìyá tó bí Bàbá Tàìmtébù gan-an, kò mọ̀wé kọ. Ọmọ méje ló tọ́ ní Múṣín nígbà tí àwọn ilé-ìwé Èkó ṣì ń pín ọmọ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, kí Lateef Jákàńdè tó di gómìnà ní 1979 tó sì fòpin sí i. Àwọn tó lọ láàárọ̀ á dé, wọ́n á bọ́ bàtà fún àwọn tó ń lọ lọ́sàn-án. Ẹ bi í bó ṣe rántí ti gbogbo wọn. Á ní, "Ṣé èèyàn ń gbàgbé ọmọ ni?"

Owó ńkọ́? Níwájú "owó ilé-ìwé", ohun tí Bàbá Tàìmtébù kọ ni "wo Mọ́mì". Láti oṣù Kìn-ín-ní ni Mọ́mì ti ń dá àjọ ojoojúmọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alájọ ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ìyẹn lèrè tiẹ̀. Ìyókù á pé pérépéré nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé. Nítòsí níbẹ̀, ní Ṣómólú, ni Alphaeus Táíwò Olúnáíkè ti gba àjọ títí ó fi di òwe: alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, tó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kankan san. Bàbá Tàìmtébù fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀. Inú ìpàdé ló ti máa ń pa á fún àwọn ọmọ.

Bí ọjọ́ ìwọlé bá pé nínú oṣù Kẹsàn-án, iná á ti lọ láti òru, fóònù tó yẹ kó jí wọn á ti kú. Ọwọ́ Mọ́mì lára ilẹ̀kùn ló ń jí wọn. Á fi ọpọ́n wẹ àwọn kékeré méjì pọ̀ lẹ́yìnkùlé, nígbà tí Dádì ṣì ń bi gbogbo ilé pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òun.

Kó tó di aago 10:00, ó ti ń fi fọ́tò tàìmtébù han àwọn ará ọ́fíìsì. "Ètò ni," á ní. "Ètò nìkan." Á tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn ayálégbé. Àwọn bàbá ilé á máa kan sáárá sí i, ọ̀kan á ní kó bá òun ṣe irú ẹ̀, kó fi orúkọ àwọn ọmọ tòun sí i. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó onítọ̀hún á gba ẹ̀yìnkùlé wá sí kíṣìnnì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nọ́ńbà alájọ yín."