Agboòrùn àti Ìgbálẹ̀
Alákatakítí olóṣèlú, ìyẹn ẹni tí kì í rí ire kankan lẹ́yìn ẹgbẹ́ tirẹ̀, kì í sábà bá ìbínú rẹ̀ darúgbó. Láti 2007 di 2010 ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà, àti Olágùnsóyè Oyinlọlá, ọmọ ọba Òkukù, fi wọ́ ara wọn káàkiri ilé ẹjọ́ nítorí àga gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, ní 2014, Oyinlọlá ká agboòrùn tí í ṣe àmì ẹgbẹ́ rẹ̀, PDP, ó sì gbá ìgbálẹ̀ tí í ṣe àmì ẹgbẹ́ APC ti Arẹ́gbẹ́ṣọlá mú láti ti ọ̀tá àná lẹ́yìn. Ní 2025, Arẹ́gbẹ́ṣọlá fúnra rẹ̀ di akọ̀wé ẹgbẹ́ ADC lábẹ́ David Mark, ọmọ ẹgbẹ́ PDP tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà nígbà tí ẹjọ́ náà ń gbóná. Bóyá ọkàn ló rọ̀, bóyá orúnkún ni. Àwọn alátìlẹyìn tó torí ìjà náà kọ ìkíni àna wọn ṣì ń dúró de ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ó ti parí.