Àgbò Iléyá àti Adé Orí Ọmọge

Ẹ fa àpótí jókòó jàre, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gbowó iná. Àbí ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú agboolé yìí? Bísí, ọmọ Ìyá Ìbejì, ló gba fọ́ọ̀mù ìdíje ọmọge arẹwà níléèwé wọn. Ìyá rẹ̀ ò tíì ráyè kí i kú oríire tí Dúpẹ́, yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga, fi yọ orí lójú fèrèsé. Ẹ mọ Dúpẹ́ kẹ̀, èyí tó kàwé jáde tó ní fẹ́mínísìtì lòun, tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin kankan bá òun gbé garawa omi. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n to ọmọ yín sórí pèpéle, kí wọ́n máa wo eyín àti ìdí ẹ̀ bí àgbò Iléyá ni?"

Háà! Ẹ̀wà tí mo ń ṣà lọ́wọ́, mo gbé e sílẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ mú ẹran wọ ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ti fa àgùntàn wá síbẹ̀ rí, àgùntàn ààyè! Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968 ni, ní Atlantic City tí wọ́n ti ń ṣe Miss America. Wọ́n dé àgùntàn yẹn ládé, wọ́n ní òun ló gbapò kìn-ín-ní. Wọ́n gbé garawa ìdọ̀tí ńlá kan kalẹ̀, wọ́n ń ju kọ́mú, bàtà gogoro àti ìpéǹpéjú àtọwọ́dá sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á nítàn títí dòní pé fẹ́mínísìtì a máa dáná sun kọ́mú. Àwọn tó ṣètò ìwọ́de náà ní irọ́ ni, àwọn ò dáná sun nǹkan kan. Ẹ wo òfófó, àwọn kan á ní agboolé wa nìkan ló ń gbé.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, nítorí èyí tó kàn yìí, Dúpẹ́ kì í sọ ọ́. Òru ọjọ́ yẹn kan náà, nínú ìlú yẹn kan náà, ìdíje mìíràn wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò jìnnà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ṣe é, wọ́n pè é ní Miss Black America, Saundra Williams ló gbadé. Kí ló fà á? Ọmọge dúdú kankan ò tíì dé orí pèpéle Miss America títí di ìgbà yẹn. Ẹ ṣáà gbọ́ o: àwọn obìnrin funfun wà níta, wọ́n ní kí wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Àwọn dúdú tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọ inú ilé ọ̀hún rí, wọ́n lọ kọ́ tiwọn. Èwo nínú wọn ló ń jà fún obìnrin? Mo bi Dúpẹ́ léèrè, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti tún ń yí ọ̀rọ̀ po." Èmi tí mo kàn béèrè ọ̀rọ̀!

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nínú Royal Albert Hall. Miss World nìyẹn, èyí tí Eric Morley dá sílẹ̀ ní 1951, tó jẹ́ pé ìdíje bíkínì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bob Hope, aláwàdà Amẹ́ríkà, dúró sórí pèpéle, ó ń fi àwọn ọmọbìnrin dápàárá. Àṣé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti jókòó jẹ́ẹ́ láàárín èrò bí ọmọlúàbí. Bí wọ́n ṣe dìde nìyẹn! Wọ́n ń ju fúláwà, wọ́n ń fọ́n ìwé ká, ariwo ta. Bob Hope fẹ́ sá. Níbi tí mo sọ ọ́ dé, Ìyá Ìbejì tó ń dín pọ́fù-pọ́fù tà pariwo, "Fúláwà? Èyí tí wọ́n fowó rà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o. Ó ní orí wọn ò pé. Òun ò tilẹ̀ bínú nítorí bíkínì.

Nígbà tí wọ́n gbálẹ̀ tán, ta ló gbadé? Jennifer Hosten, ọmọ Gẹ̀rẹ̀nédà, dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ Miss World. Ẹni tó ṣìkejì, Pearl Jansen, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni, àmọ́ wọ́n ní kó máa jẹ́ "Africa South", nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fi òyìnbó ránṣẹ́ pé òun gan-an ni ọmọ ìlú. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ tún gbọ́ eléyìí: Eric Gairy, olórí ìjọba Gẹ̀rẹ̀nédà, wà lára àwọn adájọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹnu kùn, ó kù díẹ̀ kó ya. Èmi ò sọ nǹkan kan. Hosten ní tirẹ̀ di aṣojú ìlú rẹ̀ ní Kánádà nígbà tó yá. Kí Dúpẹ́ lọ bá a, kó bi í bóyá àgbò ni.

Nílé wa níbí, ìwé ìròyìn Daily Times ló bẹ̀rẹ̀ Miss Nigeria ní 1957. Ọmọ tiwa, Grace Atinuke Oyelude, ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba. Nígbà tí Agbani Darego jẹ Miss World ní Sun City ní 2001, dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, ṣebí àwọn àgbà agboolé yìí náà ló ní egungun lásán ni, pé ẹ fún ọmọ lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí gbogbo ọmọge àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún iyán. Ìyẹn dùn mí, mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi ìdí ńlá yọ wá lẹ́nu tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi ìbàdí tín-ín-rín dípò ẹ̀. Ẹni tó ń wọn ara obìnrin lọ́dọọdún, a kì í gbọ́ pé ó ti wọn tara ẹ̀ rí.

Nítorí Agbani ni Miss World fi fẹ́ wá sí Àbújá ní 2002. Èyí, ẹ jẹ́ kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ Ṣaríà ti ní kí wọ́n sọ Amina Lawal lókùúta pa, torí pé ó bímọ láìsí nílé ọkọ. Àwọn kan lára àwọn ọmọge yẹn sọ pé àwọn ò ní wá Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Àwọn tí Dúpẹ́ pè ní àgbò, àwọn ló gbé orúkọ obìnrin abúlé kan dé etí gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn kan kọ ohun tí kò yẹ kó kọ nípa Ànábì, Kàdúná gbiná, èèyàn tó lé ní 200 kú, wọ́n kó ìdíje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Amina sílẹ̀. Àwọn tó kú kò jí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ní 2021, Shatu Garko fi híjáàbù jẹ Miss Nigeria, ọmọ ọdún 18. Àwọn Hísíbà, ọlọ́pàá Ṣaríà ní Kánò, ní àwọn máa ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Ẹ wò ó, tí Dúpẹ́ bá fà á lápá ọ̀tún pé kó sọ̀ kalẹ̀, tí Hísíbà fà á lápá òsì pé kó sọ̀ kalẹ̀, ta ló wá béèrè ohun tí ọmọ fẹ́?

Èmi ò ní ìjà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọge. Ẹni tó di ìwé àdéhùn mú ni mo ń wò. Òótọ́ ni pé fúláwà ọjọ́sí ṣiṣẹ́: Miss World ti pa ìdíje aṣọ ìwẹ̀ rẹ́ láti 2015, Miss America ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2018, Miss Universe ti gba abiyamọ àti ìyàwó ilé wọlé láti 2023. Síbẹ̀, ní ìdíje Miss Universe tí wọ́n ṣe ní Thailand ní oṣù Kọkànlá 2025, ọ̀gá ọkùnrin kan, Nawat Itsaragrisil, bẹ̀rẹ̀ sí í bá Fátima Bosch ọmọ Mẹ́síkò wí lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ náà fèsì. Ọkùnrin yìí pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Bí àwọn ọmọbìnrin yòókù ṣe dìde nìyẹn, wọ́n ń tẹ̀ lé Bosch jáde, àti ẹni tó wà lórí oyè pàápàá! Mo ní kí Dúpẹ́ wo fídíò náà lórí fóònù mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n padà wọlé ṣá o. Adájọ́ kan kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó ní wọ́n ti yan àwọn tó máa yege ṣáájú. Àwọn tó ni ìdíje ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló sì gbadé níkẹyìn? Bosch yìí kan náà. Dúpẹ́ ní wọ́n fi adé di í lẹ́nu ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹnu tí mo rí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe èyí tó ṣeé dì.

Ìyá Ìbejì kò dá sí gbogbo èyí. Àfi ìgbà tí mo ṣèèṣì sọ pé Miss Universe ti yọ gbèdéke ọjọ́ orí kúrò, pé obìnrin ẹni 60 ọdún, Alejandra Rodríguez, agbẹjọ́rò, ló jẹ Miss Buenos Aires ní Ajẹntínà ní 2024. Ó gbé ìkòkò epo kúrò lórí iná, ó nu ọwọ́, ó ní, "Bísí, fọ́ọ̀mù yẹn, ṣé méjì ni wọ́n fún ẹ?" Bàbá Ìbejì tó ń jẹ àmàlà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.