Oríkì Adánmárìn, Máṣíìnì Mi Àtijọ́

Adánmárìn o! Gba oríkì rẹ, kí ayé má baà ní mo tà ọ́ láì dá gbére.

Ọlọ́wọ́ gíga bí ìwo màlúù,
tí í mú ẹni tó gùn ún nawọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.
Onírin dídán tí àwọn ìyàwó ilé wa ń wojú sí di gèlè.
Afikùn-kí-kòtò, ọmọ adùbúlẹ̀-rìn.
A-ta-kíìkì-mẹ́wàá-kó-tó-húkọ́.
Ìwọ lo bá mẹkáníìkì kọ́lé dé ojú fèrèsé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jẹ́ ọ̀kadà. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni, èyí tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Orúkọ ohun tó ń fò ni wọ́n fi jíǹkí yín. Ìwọ wá mọ́lẹ̀ débi pé adìyẹ ń gun síìtì rẹ láì na apá.

Ọmọ Ògún ni ọ́, n ò bá ọ jiyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìrè. Wọ́n ní Ògún yà mu ẹmu níbẹ̀. Ìwọ náà yà. Epo bẹntiróòlù ni tìrẹ, èmi ni mo sì ń sanwó.

Mo rántí ìyá àgbà kan ní Ìtapá tó di iṣu mẹ́wàá sínú àpò, usu ni òun pè é, tó ń lọ sí Ìkọ̀lé. Ó yí ọ po lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka tẹ síìtì ẹ̀yìn rẹ, èyí tí kò ju àkàrà olójú kan lọ. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ni yóò jókòó síbí ni, àbí usu?” Mo ní ká so iṣu mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ìyá wo salẹ́ńsà rẹ, tó gùn bí ìbọn ọdẹ, tó ń yọ ooru. Ó ní ká tó dé Ìkọ̀lé, yóò ti jinná, òun ò sì gbé epo pupa dání. Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ká sọ tòótọ́, ẹ̀bi rẹ kọ́. Harley-Davidson ti Milwaukee, tó ti ń ṣe máṣíìnì láti 1903, ni wọ́n wò tí wọ́n fi rọ ọ́. Ọ̀nà gbọọrọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú ìjókòó yẹn yẹ. Ẹni tó rọ ọ́ kò bá àgbàrá pàdé lọ́nà oko Ìkọ̀lé rí.

Ará òkè òkun tí irú rẹ bá sú, tó ń wá èyí tí yóò gbé e rìnrìn àjò, máṣíìnì Gold Wing ló ń rà, tàpótí-tàpótí. Boxer lèmi rà, Bajaj ti Íńdíà. Kò lẹ́wà rárá. Síìtì rẹ̀ gùn bí bẹ́ǹṣì, kárià irin wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti Ìkọ̀lé, a gba Ọ̀yẹ́, a gba Ìfàkì, a kó èrò dé ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdó, a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ìbàdí ò ro mí. Mo jókòó kí n ki òun náà, n kò rí nǹkan kan sọ. Ta ní í ki ẹni tó ń ṣiṣẹ́? Mẹkáníìkì nìkan ló ń sunkún. Ilé rẹ̀ ò tíì ní òrùlé.

Ìwọ wáá dà? Onífọ́tò kan nítòsí Yunifásítì Ọ̀yẹ́ ló wá wò ọ́. Ó nu ọ́ níbi dídán, ó rí ojú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń rìn?”

Mo ní, “Àbúrò, ó ń dúró dáadáa.”

Kò ná ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Adánmárìn, mo kọjá níbẹ̀ lánàá. O wà lábẹ́ agboòrùn bí Kábíyèsí. Ọmọbìnrin mẹ́ta tó wọ ìgò dúdú sójú jókòó lé ọ, ẹsẹ̀ wọn nà síwájú, wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fọn fèrè Boxer, pẹ̀lú àpò iṣu méjì lẹ́yìn mi. Onífọ́tò ní kí n kúrò níwájú kámẹ́rà.