Orobo, Ẹ San Ti Èèyàn Méjì

Mi ò tíì gbé báàgì kalẹ̀ nílé wa ní Mọ̀lété, n'Ìbàdàn, tí Àǹtí Rísì fi dì mọ́ mi, tó ń fọwọ́ tẹ apá mi bí ẹni tó ń wò ó bóyá búrẹ́dì ṣì rọ̀. Ó ní, "Áà! Ọmọ yìí ti sanra! Ọlọ́run, a dúpẹ́ o. Amẹ́ríkà bá ẹ lára mu." Gbogbo ilé ṣe àmín. Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí mo nawọ́ sí iyán ẹlẹ́ẹ̀kejì, Àǹtí kan náà ló ní, "Rọra o. Ṣé bàálù tó gbé ẹ wá á lè gbé ẹ padà báyìí?"

Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, iṣẹ́ alẹ́ ti jẹ́ kí n rù, ẹkún ni wọ́n fi pàdé mi. Wọ́n bi mí bóyá mò ń jẹun, bóyá ara mi le, bóyá ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló dà rú. Nílé, ara èèyàn dà bí ìwé ìròyìn orí tábìlì fẹ́ńdọ̀: kò sẹ́ni tó rà á, gbogbo ayé ló ń kà á.

Ní Brooklyn tí mò ń gbé, kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní aṣọ mi dára. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bí àyè bá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó ń bọ̀ á wò ó, á wò mí, á sì ṣe bí ẹni pé ìdúró ló wù ú. Ti dókítà ló wá ga jù. Etí ló ń dùn mí tí mo fi lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n gun òṣùwọ̀n. Dókítà wo kọ̀ǹpútà, kò wo etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìrẹsì àti búrẹ́dì fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ṣé etí mi ló sanra ni?" Ìgbà yẹn ló tó tan iná wo ibẹ̀. Òwú tí mo fi nu etí ló já sínú rẹ̀.

Níbi tí wọn kì í ti í sọ ọ̀rọ̀ sísanra síta, àwọn kan ló kúkú kígbe rẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà 1967, oníṣẹ́ rédíò kan tó ń jẹ́ Steve Post kó nǹkan bí 500 èèyàn jọ sí Central Park ní New York. Wọ́n gbé àkọlé dání, wọ́n jẹun, wọ́n dáná sun ìwé tó ń kọ́ni béèyàn ṣe ń fi oúnjẹ du ikùn, pẹ̀lú fọ́tò Twiggy, òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé ń sáré àtijọ nígbà náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Àǹtí Rísì, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ni wọ́n sè?"

Lọ́dún 1969, Bill Fabrey, ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ojú tí wọ́n fi ń wo ìyàwó rẹ̀ ti sú, dá NAAFA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn tó sanra. Àwọn obìnrin kan ní Los Angeles wá ní pẹ̀lẹ́ ẹgbẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Judy Freespirit àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Fat Underground sílẹ̀. Wọ́n jókòó ti ìwé ìwádìí àwọn dókítà fúnra wọn, wọ́n sì rí i níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó febi pa ara rẹ̀ ló tún ń sanra padà. Ní 1973, wọ́n gbé ìwé ìkéde jáde pé àwọn fẹ́ iyì tó tọ́ sí ọmọ èèyàn. Ọ̀rọ̀ "fat" tí ayé fi ń bú wọn gan-an ni wọ́n mú jẹ́ orúkọ. Ó yé mi. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Orobo láti jẹ́lé-ó-sinmi, tó jẹ́ ẹ títí ó fi di tirẹ̀, ò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.

Láti 1976 ni òfin Ìpínlẹ̀ Michigan ti ní kí agbanisíṣẹ́ má fi ìwọ̀n ara ṣe ojúsàájú. Ní 2023, Eric Adams, tó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà náà, fọwọ́ sí tiwa: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí pé èèyàn sanra fi iṣẹ́ tàbí ilé dù ú.

Òfin yìí ni mo gbé dé Ìwó Road lọ́jọ́ kejì tí mo délé. Awakọ̀ Maikírà kan wò mí látòkè délẹ̀. "Mọ́mì, èèyàn méjì ló ń jókòó síwájú. Ẹ san ti méjì." Mo ní òfin ti dè é ní New York. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ṣé kẹ́ ẹ kúkú dúró de ọkọ̀ New York?" Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó.

A dé Agodi Gate, ọkùnrin kan na ọwọ́, awakọ̀ tẹ bíréèkì. "Mọ́mì, ẹ bá wa sún díẹ̀."

Mo ní, "Sún lọ síbo? Àwa méjì ti jókòó síbí o. Ṣebí ìwọ lo kà wá."

Mo gbé báàgì mi sí àyè bíńtín tó ṣẹ́ kù, mo sì fẹ̀yìn tì dáadáa, èmi méjèèjì.