Bọ̀dá Oníràwọ̀

Kì í ṣe awòràwọ̀, kì í ṣe babaláwo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ìràwọ̀ tí Bọ̀dá Oníràwọ̀ ń wò kò sí lójú sánmà. Inú fóònù ló wà, márùn-ún lórí ìlà kan, lábẹ́ àwòrán ọjà, níbi tí àwọn tó ti ra ọjà náà ti ń sọ ohun tójú wọn rí. Rìfíù ni gbogbo ayé ń pè é. Ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, ẹni tó bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi lọ̀ ọ́, tí nǹkan ọ̀hún bá wá bàjẹ́, kó má wá ìkẹ́dùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ṣé o ka rìfíù ẹ̀?” ni yóò kọ́kọ́ bi olúwarẹ̀, kó tó kí i kú àdánù.

Ẹ wá wò ó níbi tó ti ń kà á. Yóò fa awò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí góńgó imú, yóò máa fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. “Irọ́.” Á tì í sókè. “Àbúrò ẹni tó ń tà á nìyí.” Á tún tì í. “Èyí ò tíì tú u nínú páálí.” Tó bá kan òótọ́ kan, á pariwo pè mí bí ẹni tó rí owó he.

Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, ooru mú débi pé ògiri ń làágùn. Iná ò wá, bẹntiróòlù sì wọ́n. Ìyá Dárà, ìyàwó rẹ̀, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àyà, ó ní, “Bàbá Dárà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra fáànù tó ń gba ṣáájì yẹn.” Bọ̀dá ní kò burú. Ó rí ọ̀kan tó wù ú, rìfíù 412 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á ka mẹ́wàá, á sanwó. Tiwa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo 412 lòun yóò kà.

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Ẹni àkọ́kọ́ fún fáànù ní ìràwọ̀ márùn-ún: “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ báyìí ni. Páálí ẹ̀ dáa. Olúwa á bù kún yín.” Bọ̀dá pòṣé. “Ṣé páálí ni yóò fẹ́ atẹ́gùn sí mi?” Ẹni kejì fún un ní ẹyọ kan, nítorí pé ọlọ́kadà tó gbé e wá yájú sí i. Ẹni kẹta náà fún un ní ẹyọ kan, ó wá kọ ọ́ pé irú fáànù yìí kò sí láyé. Ó jọ pé ipò kìíní ló pè é. Lábẹ́ fáànù mìíràn tí Bọ̀dá ti kọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, “Ó bá fóònù mi mu wẹ́kú, àwọ̀ ẹ̀ ò sì ṣí.” Mo rò pé orí onítọ̀hún ti dàrú. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín àánú sí mi. Ó ní àpò fóònù ni wọ́n ń tà lójú ewé yẹn tẹ́lẹ̀; àwọn èèyàn yìn ín, ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ni ọlọ́jà bá yọ àpò kúrò, ó gbé fáànù síbẹ̀, ìràwọ̀ ò sì ṣípò. Àfi bí ẹni tó wọ agbádá olóògbé tó wá ń jẹ́ oríkì tí wọ́n ń kì í.

Ká má parọ́, ọkùnrin yìí mọ nǹkan. Òun ló kọ́ mi pé kí n fo àwọn oníràwọ̀ márùn-ún àti oníràwọ̀ kan, kí n lọ bá àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta, nítorí inú wọn ò dùn jù, kò sì bà jẹ́ jù. Kí n wá àwòrán tí oníbàárà fúnra rẹ̀ yà nínú yàrá tí wọn ò tíì gbá. Kí n sì wá ẹni tó padà wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Òun náà ló gba àbúrò mi sílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣọ kan lórí Instagram, tó ń gbé ìdúpẹ́ àwọn oníbàárà sójútáyé láràárọ̀, àmọ́ tó ti abẹ́ rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má lè fèsì. “Ẹni tó gba ìyìn tí kò gba èsì,” ni Bọ̀dá wí, “kí ló fi pamọ́?”

Àmọ́ ìmọ̀ náà ti ń dà á láàmú. Ẹ béèrè iye tí fáànù jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún 1995 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Amazon gba oníbàárà láyè láti kọ èrò sábẹ́ ìwé tó rà. Á gba 2012 kọjá, tí Jumia àti Konga dé l'Ékòó. Á dé 2022, tí Amazon pe àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ Facebook tó lé ní 10,000 lẹ́jọ́, pé wọ́n ń fi owó àti ọjà ọ̀fẹ́ ra ìyìn. Ó mọ̀ pé láti oṣù kẹwàá 2024 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka rìfíù èké léèwọ̀, pé tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e lóṣù kẹrin 2025. Ìyá Dárà, tí abẹ̀bẹ̀ ti ń ya lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, “Fáànù ńkọ́?” Bọ̀dá á ní ó ku 140.

Ìgbà tó fi ka èyí tó kẹ́yìn, owó fáànù ti gòkè lẹ́ẹ̀mejì, òjò sì ti ń lu páànù. Ó rà á bẹ́ẹ̀. Fáànù dé, ó fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò pariwo, kò gbóná. Ìyá Dárà ń da aṣọ bora nítorí òtútù.

Ó wá ku kí òun náà kọ tirẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi kọ ọ́. Ó fi tépù wọn wáyà. Ó ya àwòrán lọ́sàn-án, ó tún yà á lóru, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbá yàrá títí òun yóò fi yà á tán. Mo wo ohun tó kọ: ìràwọ̀ mẹ́ta.

“Bọ̀dá, ṣebí ẹ ní kò sí ohun tó ṣe fáànù yìí?”

“Kò sóhun tó ṣe é.”

“Mẹ́ta wá ti jẹ́?”

“Bí mo bá fún un ní márùn-ún, ta ni yóò gbà mí gbọ́?” Àléébù tó rí kọ síbẹ̀ ni pé wáyà rẹ̀ ò gùn tó, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ ju ti inú àwòrán lọ.

Láti ìgbà náà, kó tó gbàdúrà òwúrọ̀, á kọ́kọ́ wo iye ẹni tó ti tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun wúlò. Wọ́n ti di 19.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò Ìyá Dárà pè láti Òṣogbo. “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ra fáànù tẹ́ ẹ júwe yẹn mọ́ o. Ẹnì kan kọ lẹ́tà gígùn sábẹ́ ẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó gbọ́n ni. Mẹ́ta péré ló fún un.”

Ìyá Dárà gbé fóònù kúrò létí, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yí ojú fáànù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi kún un.