Kẹ́tùlù Ọkọ Mi Ẹnjiníà

Ẹ má dìde, mi ò ní pẹ́. Kẹ́tùlù kan ni mo ń wá kiri. Kẹ́tùlù ńlá, ìdí rẹ̀ dúdú kirikiri, wáyà ni wọ́n fi so ọmọrí rẹ̀ mọ́ ọn lára. Láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ mi Ẹnjiníà la ò ti fojú kàn án mọ́. Ẹ sún díẹ̀ kí n jókòó, orúnkún yìí ń dùn mí.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi gangan ò kú, ó wà nílé, ó ń jẹ gúgúrú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa ní Ìkìrun, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí kí n tó wọlé, ọkọ mi ni wọ́n, àtarúgbó àtọmọ tó ń rá. Mi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Torí ẹ̀ lẹ ò fi ní gbọ́ orúkọ bàbá náà lẹ́nu mi lónìí, ẹ ì báà fún mi ní mílíọ̀nù. Ẹnjiníà ni mo sọ wọ́n, Ẹnjiníà náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ "ọkọ mi" yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo ń sunkún, mo ń ké pé, "Ọkọ mi o, ọkọ mi tó ń fún mi lówó ọdún o!" Pásítọ̀ àlejò kan wò mí, ó wo opó tó jókòó sórí ẹní, ó tún wò mí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi opó náà, ìyálé mi, pé, "Màmá, ta nìyẹn?" Ìyálé mi, ọmọ Ìnísà tí kì í parọ́, ní, "Ìyàwó mi ni." Háà! Ṣọ́ọ̀ṣì CAC ni o, níbi tí oníyàwó méjì kì í ti í joyè alàgbà, ọkọ mi Ẹnjiníà sì ti lé lógún ọdún nípò alàgbà. Ìyálé mi rí i pé ojú òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti yí padà, ó fẹ́ tún un ṣe, ó ní, "Rárá o, sà, ọkọ rẹ̀ ló ń pín omi lọ́hùn-ún yẹn." Ìgbà yẹn gan-an ló wá bàjẹ́ pátápátá. Títí tí pásítọ̀ yẹn fi wọkọ̀, kò bójú wẹ̀yìn.

Kí ni mo ń sọ ná? Ẹ̀hẹ́n, kẹ́tùlù.

Ẹ ò lè mọ ìtàn kẹ́tùlù yẹn bí ẹ ò bá mọ bí mo ṣe mọ ẹni tó ni ín. Ọmọ Òkukù ni mí. Kí ọdún 1910 tó pé ni ojú irin ti gba ìlú wa kọjá: láti Òṣogbo, ó gba Ìkìrun, ó gba Òkukù, ó gba Ọ̀fà, ó forí lé Jẹ́bà. Ẹni tó bá ń ti òkè ọya bọ̀, Òkukù ni yóò kọ́kọ́ kàn kó tó kan Ìkìrun. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àkàrà ni mo ń tà ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọ̀gá kan yọjú lójú fèrèsé, ó ra àkàrà ogójì kọ́bọ̀, ó na náírà kan sí mi. Kí n tó tú ìdí ìró mi, rélùwéè ti fọn fèrè, ó ti gbéra. Mo sáré, mo sáré, ọ̀gá náà ń na ọwọ́, ẹsẹ̀ mi ò ká a. Bí ọgọ́ta kọ́bọ̀ ṣe dúró sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé ọkọ, tí wọ́n ń bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, ta ni mo gbójú sókè rí? Ọ̀gá ojú fèrèsé, ọkọ mi Ẹnjiníà! Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣéńjì mi dà?" Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Kérésì ń bọ̀, Àjíǹde ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ṣéńjì mi dà?

Ilé ìfọpo tó wà ní Kàdúná, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980, ni wọ́n ti ń bọ̀ nígbà yẹn. Ẹnjiníà ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń tún mọ́tò ṣe o. Ọ̀pọ̀ ará ilé ò mọ ìyàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni ò lè kú láàárọ̀ kí wọ́n má gbé e wá fún wọn. Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ kẹ́míkà ni tèmi o." Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ ṣáà bá wa wò ó, sà." Wọ́n á wò ó. Wọ́n á sì tún un ṣe, ìyẹn ló pa wọ́n lára.

Lọ́jọ́ ìkórè kan, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ìjọ. Àlàyé yẹn dùn. Wọ́n ní epo rọ̀bì tí wọ́n wà jáde nílẹ̀, ẹ ò lè dà á sínú mọ́tò. Wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi di ooru, ooru náà á gun òpó irin gíga kan lọ. Gáàsì àti bẹntiróòlù fúyẹ́, wọ́n á gun orí òpó. Kẹrosíìnì á dúró láàárín. Díísù á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì á jókòó sídìí. Ìjọ ń wò bọ̀ọ̀. Wọ́n rí i pé kò yé wa, ni wọ́n bá ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú un wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró ni: wọ́n á se é nínú dúrọ́ọ̀mù, ooru rẹ̀ á gba páìpù, á sì di ọtí." Alàgbà kan fò dìde níwájú, ó ní, "Irọ́ ni, Ẹnjiníà! Inú omi tútù ni páìpù náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọtí ò ní í sọ̀ kalẹ̀."

Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Títí dòní, bàbá yẹn ní inú ìwé lòun ti kà á.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti Venezuela. Wọ́n ní apá kan ní ilé ìfọpo náà, epo tí wọ́n gbé wá láti Venezuela ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Mo ní, "Ọkọ mi, a ní àká iṣu nílé, a tún ń lọ ra iṣu lóko olóko?" Wọ́n ní epo tiwa fúyẹ́ ju ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà àti epo ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n ní òmíràn gbọ́dọ̀ ki. Wọ́n ṣàlàyé fún mi títí. Ó yé mi. Kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà wálé pátápátá, ni kẹ́tùlù wọ ọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ìkìrun fẹ́ràn láti máa rán àwa ará Òkukù létí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn baba wa sá wá nígbà ogun. Òótọ́ ni, kí la fẹ́ ṣe? Ìyálé mi á ní Ìnísà tiwọn wà láàárín ìlú méjèèjì, òun ló ń là wá níjà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, ọkọ mi Ẹnjiníà á gbé ogun Jálumi kalẹ̀: ọdún 1878, nígbà tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn wá gba Ìkìrun sílẹ̀, tí ọmọ ogun Ìlọrin ń sá lọ tí wọ́n ń já lu odò Ọ̀tìn, tí omi gbé wọn lọ. Wọ́n á sọ̀tàn yẹn tán, wọ́n á wá wo ife ọwọ́ mi: "Odò tó mu odindi ogun, òun lẹ ń mu láìsè?"

Omi àdúrà náà, wọn kì í mu ún láìsè. Ẹ ẹ̀ rí i, CAC tí wọ́n ń lọ, inú ọ̀rọ̀ omi ló ti gbilẹ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì kí Olúwa tó pè é ní 1928, ló gbàdúrà sómi ní Iléṣà ní 1930, tí èrò ń rọ́ wá láti ibi gbogbo wá bu omi ìyè. Ẹdẹ tí kò jìnnà sí wa yìí náà ló kú sí ní 1959. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ ẹ̀rọ bíi tàwọn ni. Wọ́n á gbé kẹ̀gì lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ṣe àmín tó ń mi ilé. Wọ́n á délé, wọ́n á da omi ìyè náà sínú kẹ́tùlù, wọ́n á gbé e kaná títí á fi hó yèè.

Àwọn alàgbà gbọ́. Wọ́n wá bá wọn. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ ò gbàgbọ́ mọ́ ni?" Wọ́n ní, "Mo gba ẹni tó gbàdúrà sí i gbọ́. Ẹni tó pọn ọ́n ni mi ò mọ ọwọ́ rẹ̀." Ọ̀kan nínú wọn ní àmọ́ àdúrà náà á bá ooru lọ sókè. Wọ́n ní, "Ṣé òkè kọ́ ló yẹ kí àdúrà máa lọ ni?"

Obìnrin kan gbé kẹ̀gì tó ti gbé kẹrosíìnì rí wá sórí òkè lọ́jọ́ kan. Kí pásítọ̀ tó na ọwọ́ sí i, ọkọ mi Ẹnjiníà ti gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, bàbá. Àdúrà á gbà, kẹ̀gì yìí ni ò gbà." Kẹ̀gì tuntun ni wọ́n ra fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ, mo gbé ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ lọ bá wọn lórí ibùsùn. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣéńjì yín rèé, tèlétèlé." Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi." Níbo ni mo ti fẹ́ rí kọ́bọ̀ nísinsìnyí? Mo tọrọ kiri ọjà Ìkìrun, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Lálẹ́ àìsùn, kẹ́tùlù yẹn la fi se tíì fún èrò. Ilẹ̀ mọ́, a ka ìkòkò, ó pé. A ka ṣíbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Kẹ́tùlù ò sí. Ìyálé mi ń se omi nínú ìkòkò ọbẹ̀ báyìí, omi ìyè ń rùn irú. Torí náà, ẹ bá mi yẹ ilé ìdáná yín wò. Ẹni tó bá rí i kó gbé e wá sílé wa, ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan.

Ẹ ẹ̀n, èyí tó wà lórí ààrò yín níbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n wo ọmọrí rẹ̀.