Ilé Ìtọ́jú Tí Kò Sí Níbì Kankan

Nínú gbogbo òwò tó wà nílùú Ọba, ó ṣòro láti rí èyí tó rọrùn tó iléeṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lẹ́yìn oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú láti òkè òkun. Oníṣòwò kò nílò bẹ́ẹ̀dì, kò nílò ilé, kò tilẹ̀ nílò arúgbó. Ìwé àṣẹ onígbọ̀wọ́ ló nílò. David Neal, tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè nígbà náà, rí i pé wọ́n fún ilé ìtọ́jú kan tí kò sí níbì kankan ní ìwé ẹ̀rí ìgbọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ (COS) 275. Iléeṣẹ́ mìíràn tó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní mẹ́rin gba 1,234. Kí ìjọba tó gbé àbájáde náà síta ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ti lé Neal lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú yẹn ní tirẹ̀, ta ni yóò lé ohun tí kò sí?

Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn kó lè ra COS, tí òfin ní kí wọ́n má tà, gúnlẹ̀. Ọ̀gá ní kó ṣe sùúrù, wákàtí iṣẹ́ ń bọ̀. Wákàtí ò dé. Owó ilé dé.

Èyí tó ríṣẹ́ ńkọ́? Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fún un nílé Màmá kan: kó wẹ̀ fún un, kó fún un lóògùn, kó po tíì, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Lẹ́yìn náà, ó di ìdí bọ́ọ̀sì nínú òjò. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ sọ pé ìrìn láti ilé kan sí èkejì, iṣẹ́ ni. Lójú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, fàájì ni. Ẹni tó jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó wọlé ní mẹ́wàá alẹ́, lè gba owó wákàtí mẹ́jọ. Ìyókù, ìgboro ló fi wò.

Bó bá ráhùn, ọ̀gá kì í pariwo. Yóò kàn béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó ṣì fẹ́ràn COS rẹ̀.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera o. Láàrin oṣù keje 2022 sí oṣù kejìlá 2024, wọ́n gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó lé ní 470. Ọ̀gá ṣẹ̀, òṣìṣẹ́ jẹgba: nǹkan bí 39,000 èèyàn ló kàn. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún irú wọn láti wá onígbọ̀wọ́ tuntun, tàbí kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Lẹ́tà náà kì í sọ ẹni tí yóò san owó ilẹ̀ Ìbàdàn padà.

Nígbà tí ìjọba kéde ní oṣù karùn-ún 2025 pé àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn físà náà pa, àwọn ẹgbẹ́ onílé ìtọ́jú figbe ta: ta ni yóò wá ṣiṣẹ́ báyìí? Orúkọ àwọn tí wọ́n ti gbà, tí wọn ò fún níṣẹ́, ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ kan.